Lẹ́nu Ta Ni Wọ́n Ti Gbọ́ Ọ? Orúkọ Àlejò Nínú Katakana

Ìwé méjì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kìíní ni The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Ó ti dé èdè Jàpáànì láti 1970. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ orúkọ òǹkọ̀wé sára rẹ̀: エイモス・チュツオーラ. Bí mo bá kà á bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ohun tí yóò jáde lẹ́nu mi ni “Eimosu Tṣutsuoora”. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, kí inú tó wá bí mi díẹ̀.

Ìwé kejì, ẹ gbé èyíkéyìí tó bá wù yín nínú ti Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n ti túmọ̀ síbẹ̀. Orúkọ tí ẹ óò bá lára rẹ̀ ni ウォーレ・ショインカ, “Woore Ṣoinka”. Ẹ gbọ́ “Ṣo” yẹn? Gbogbo ìwé ìròyìn òyìnbó ló ti gbé àmì abẹ́ S yẹn jù nù tipẹ́, títí tó fi jẹ́ pé àwa gan-an, tí a bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, a kì í rántí fi í síbẹ̀ mọ́. Èdè tí kò bá wa pààlà níbi kankan ló lọ he é nílẹ̀, ó nù ún, ó fi padà sípò rẹ̀.

Òǹkọ̀wé méjì, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Orúkọ ọ̀kan lọ sí Jàpáànì, kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Orúkọ èkejì lọ, ó rí ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ gbà padà. Kí ló fà á? Ohun tí mo wá bá yín sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí katakana jẹ́. Oríṣi àmì mẹ́ta ni ará Jàpáànì fi ń kọ̀wé, wọ́n sì máa ń po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Kanji ni èkíní, àwọn àmì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ṣáínà. Ìtumọ̀ ni wọ́n ń gbé rù. Hiragana ni èkejì, ó ṣe kọrọkọrọ bí irun ọmọ tuntun, òun ni wọ́n fi ń kọ àwọn wúnrẹ̀n gírámà. Katakana ni ẹ̀kẹta, ó le, ó ní igun, ó dà bí igi ìṣáná tí ènìyàn dà sílẹ̀. Òun ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun tó bá ti òkè òkun wá: orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú, orúkọ oúnjẹ. Bí ẹ bá rí katakana lójú ìwé, àlejò ló sáábà máa ń wọlé yẹn.

Àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà ló dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ìwé mímọ́ wọn, ó sì nira láti kà. Bí olùkọ́ bá ti ń kà á fún wọn, wọn a máa fi gègé kékeré kọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Kò sí àyè, kò sí àkókò, wọn kò lè kọ odidi kanji. Wọ́n bá ń ṣẹ́ apá kan kúrò lára rẹ̀. Láti ara 加 ni wọ́n ti mú カ, “ka”. Láti ara 伊 ni wọ́n ti mú イ, “i”. Orí 呂 ni wọ́n gé tó di ロ, “ro”. “Kata” inú orúkọ yẹn, ohun tí kò pé, ohun tó jẹ́ apá kan, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìkọ̀wé akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kánjú ni, òun ló wá di aṣọ tí gbogbo orúkọ àlejò ń wọ̀ lónìí.

Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní 1708, àlùfáà ará Ítálì kan, Giovanni Battista Sidotti, yọ́ wọ erékùṣù Yakushima. Ìjọba ìgbà náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìsìn Kírísítì, wọ́n sì mú un. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Arai Hakuseki jókòó tì í ní Edo, ìlú tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí, ó ń bi í léèrè nípa ayé: orílẹ̀-èdè wo ló wà níbo, ta ni ọba wọn, kí ni wọ́n ń pe ìlú wọn. Nígbà tí Hakuseki wá kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé tó pè ní Seiyō Kibun, katakana ló fi kọ àwọn orúkọ ilẹ̀ òkèèrè. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí bí wọ́n ṣe jókòó. Ẹlẹ́wọ̀n kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀mọ̀wé kan dẹ etí sílẹ̀.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Àmì kan nínú katakana kì í ṣe lẹ́tà bíi b tàbí d tiwa. Odidi sílébù ni. カ yìí, “ka” ni. Ẹ kò lè yọ “k” kúrò lára “a” rẹ̀, àfi bí ẹni fẹ́ yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀. Àmì ìpìlẹ̀ jẹ́ 46. Bí ẹ bá fi kíún méjì sí apá ọ̀tún lókè, “ka” á di “ga”, “ta” á di “da”. Bí ẹ bá fi òdo róbótó sí “ha”, ó di “pa”. Abẹ́ ni tiwa wà, òkè ni tiwọn wà. Wọ́n ní ìlà ー tí ń fa fáwẹ̀lì gùn, wọ́n ní ン tó jẹ́ “n” tó dá dúró, wọ́n sì ní àmì ・ tí wọ́n fi ń ya orúkọ ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ìdílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọlọ́pọlọ pípé fi ń há gbogbo rẹ̀ sórí. Èmi lo oṣù méjì.

Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó fọkàn balẹ̀. Láti kékeré lẹ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Èdè Yorùbá kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dì mọ́ra, kò sì gbà kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí òyìnbó gbé class dé, a fi fáwẹ̀lì há a láàárín, a fi òmíràn dí i nídìí, ó di kíláàsì. School di súkúù. Driver di dírẹ́bà. Ohun kan náà ni ará Jàpáànì ṣe: kurasu, sukuuru, doraibaa. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àkàrà òyìnbó. Kéèkì la pè é. Wọ́n pè é ní keeki. Àwọn méjì tí wọn kò rí ara wọn rí, wọ́n gé e bákan náà.

Ibi tí a ti yàtọ̀ ni fáwẹ̀lì tí a fi ń dí ihò. Àwa sáábà máa ń lo “i”, a sì máa ń lo “u” nígbà tí ètè bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bíi Jòsẹ́fù àti Jékọ́bù. “U” ni wọ́n ń lò níbi púpọ̀, ìdí nìyẹn tí Smith fi di Sumisu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn “t” àti “d”, “o” ni wọ́n ń lò, nítorí pé “tu” kò sí nínú èdè wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. “Tsu” ló máa ń dà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ “tsu” yìí sápò. Tutùọlá ń bọ̀ wá gbà á.

Ẹ tún wo Bíbélì. Orúkọ méjì ni ọba tó kọ Sáàmù ní lọ́dọ̀ wa: Dáfídì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ń ta fóònù ní ìsàlẹ̀ ilé, Défíìdì là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́hùn-ún. Dabide ni ti inú Bíbélì wọn, Debiddo ni ti ọmọ Amẹ́ríkà tí ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Petero, Pauro, Maruko, Ruka, Yohane: bí ẹ bá dijú gbọ́ ọ, ẹ óò mọ gbogbo wọn. Ṣé ẹ rí i, orúkọ kan náà ni, àmọ́ ẹnu tí wọ́n gbà wọlé yàtọ̀. Àwọn ti Bíbélì kò bá ẹnu Gẹ̀ẹ́sì wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni ní katakana, ẹ má béèrè lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ béèrè ẹnu tó ti wá. Michael tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, Maikeru ni. Michael tó jẹ́ ará Jámánì, lẹ́tà rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá, Mihyaeru ni. Orílẹ̀-èdè gan-an kò yọ sílẹ̀. Igirisu ni wọ́n ń pe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn Potogí, tó débẹ̀ láti 1543, ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn. Àwọn Potogí kan náà ló fún wọn ní “pan”, ìyẹn búrẹ́dì.

Dókítà kan wà, ará Amẹ́ríkà, míṣọ́nnárì, James Curtis Hepburn. Ó dé Yokohama ní 1859, ó ń wo ojú, ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ní 1867 ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Jàpáànì sí Gẹ̀ẹ́sì jáde. Bí ẹ bá rántí pé Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843, ẹ óò mọ irú ènìyàn tí mò ń sọ. Iṣẹ́ yẹn wọ́pọ̀ láàárín àwọn míṣọ́nnárì nígbà náà. Lẹ́tà tí ọkùnrin yìí fi kọ èdè Jàpáànì ni wọ́n ṣì fi ń kọ orúkọ ilẹ̀ wọn fún àlejò kà títí dòní. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn aláìsàn rẹ̀ ń pè é? ヘボン, Hebon. Ohun tí etí wọn gbọ́ nìyẹn, P inú orúkọ náà kò dún sí wọn. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, òṣèré sinimá kan dé, Audrey Hepburn. Orúkọ ìdílé kan náà, lẹ́tà kan náà. Ní tirẹ̀, ojú ni wọ́n fi gbọ́ ọ: Heppubaan. Bí ẹ bá sọ fún ará Jàpáànì tó kọ́kọ́ pàdé yín lójú ọ̀nà pé Hebon àti Heppubaan ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó ṣeé ṣe kó bá yín jiyàn.

Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, àṣìṣe máa ń dùn mọ́ni. Lafcadio Hearn lọ ṣe olùkọ́ ní Matsue ní 1890. Haan ló yẹ kó jẹ́, nítorí R inú rẹ̀ kì í dún. Wọ́n ka lẹ́tà, wọ́n kọ Herun. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò ní kí wọ́n tún un ṣe, Herun náà ni wọ́n ń pè é. Ti Ronald Reagan kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń ṣe sinimá, Riigan ni wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó gun orí àléfà, wọ́n sáré yí i padà sí Reegan. Kò síbi tí agbára kì í dé, títí kan ìlà kékeré inú katakana.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ tiwa, olórin tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi gbọ́ dáadáa nígbà èwe, Sade Adu. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i ní 1959. Fọláṣadé ni. Ní Jàpáànì, シャーデー ni wọ́n kọ, “Ṣaadee”. Ṣ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ ṣeun. Àmọ́ ta ló fa “a” gùn, ta ló fa “e” gùn? Kò sí ìfàgùn kankan nínú Ṣadé. Ẹnu Lọ́ńdọ̀nù ló fà á. Ará Jàpáànì gbọ́ ohun tí ará Lọ́ńdọ̀nù wí, ó kọ ọ́ láìyẹ̀. Kò jẹ̀bi. Irú ìfàgùn bẹ́ẹ̀ wà nínú “Woore” Ṣóyínká pẹ̀lú, ohun kan ṣoṣo tí n kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ nínú iṣẹ́ dáadáa yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ará Jàpáànì máa ń fi àtẹ́wọ́ ka ọ̀rọ̀, àmì kan, ìpàtẹ́wọ́ kan, àfi àmì kékeré bíi ョ tó so mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ bá mi pa Adébáńjọ. A, dé, bá, ń, jọ. Márùn-ún. Òyìnbó yóò pa mẹ́rin, nítorí pé kò mọ̀ pé “ń” yẹn ń dá dúró, ó ní ohùn tirẹ̀. Katakana mọ̀: アデバンジョ, a, de, ba, n, jo. Márùn-ún pérépéré. Èdè tó wà ní apá kejì ayé, tó mọ̀ pé “ń” lè dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró bíi tiwa! Ọjọ́ tí mo rí èyí, mo jí ìyàwó mi lóru. Ó ní ṣé ohun tí mo jí òun fún nìyẹn.

Fúnmi kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì la máa ń pa fún un, nítorí pé “ún” fáwẹ̀lì àránmúpè ni, imú ló bá a lọ. Wọn kò ní irú rẹ̀, フンミ á di mẹ́ta: fu, n, mi. Ohùn wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, katakana kò kọ ọ̀kan. Ẹ àti E di ọ̀kan náà, Ọ àti O di ọ̀kan náà, nítorí fáwẹ̀lì márùn-ún ni wọ́n ní. L kò sí, nítorí náà Lọlá àti Rọ́lá á máa wọ ilé kan náà gbà. “Si” wọn, “ṣi” ni, Síkírù á di Ṣikiru. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí wọ́n máa ń fi “s” dípò “ṣ” bú, ẹ ti rí àwọn tí yóò bá yín gbẹ̀san. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí yóò bá ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ilé: Bọ́lá á di “bora”, irú ẹja òkun kan ni. Pẹ̀lúmi á di Perumi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ṣe ń kọ Perm, ìlú kan ní Rọ́ṣíà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìlú ńlá ni.

“Gb” ni ẹjọ́ tó le. Ọmọ kan tí mo kọ́ rí lọ kàwé ní Jàpáànì. Adégbọlá ló ń jẹ́. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún àlejò lọ́hùn-ún sáábà máa ń ní àyè fún katakana. Ní ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ lọ, akọ̀wé wo lẹ́tà, ó la “gb” sí méjì: アデグボラ, a, de, gu, bo, ra. Nígbà tó dé báǹkì, òun fúnra rẹ̀ pe orúkọ náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà gbọ́ “b” nìkan: アデボラ. Ó di ẹni méjì nínú ìlú kan. Ó pẹ́ kí owó rẹ̀ tó jáde.

Ó kọ̀wé sí mi pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n mú?” Mo jókòó, mo pàtẹ́wọ́. A-dé-gbọ-lá, mẹ́rin ni. アデボラ, mẹ́rin ni. Mo ní kó mú un, ó bá ìlù orúkọ rẹ̀ mu. Ó fèsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní, “Ẹ ṣeun sà. Àmọ́ Adébọ̀lá ni orúkọ àbúrò ìyá mi, a kì í ṣe ẹnì kan náà.” Ó lóòótọ́. Ó mú アデグボラ, pẹ̀lú ìpàtẹ́wọ́ kan tó lé, ó sì lọ fi í kọ gbogbo ìwé rẹ̀ láti báǹkì dé ilé ìwòsàn. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, ìlù ni mo gbọ́. Òun tó ni orúkọ, ẹbí rẹ̀ ló gbọ́.

Tutùọlá ń dúró dè wá. “Tu” méjì ló wà nínú orúkọ yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ sọ èkíní di “tṣu”, ó sọ èkejì di “tsu”. Ìdí tí “tsu” fi wà níbẹ̀, mo ti sọ ọ́: “tu” kò sí nílé. “Tṣu” ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń kọ “tu” tó bá ti ẹnu ará Lọ́ńdọ̀nù wá nìyẹn, irú èyí tó wà nínú Tuesday. Nítorí náà, ẹnu méjì ló wà nínú orúkọ kan, a kò sì bá ẹnu Ẹ̀gbá níbẹ̀. Lónìí, ọ̀nà wà. Wọ́n máa ń kọ “to”, wọn a wá fi “u” kékeré sí i lábẹ́ apá: トゥ. Ó wà nínú ìtọ́sọ́nà tí ìjọba wọn gbé jáde ní 1991 lórí kíkọ ọ̀rọ̀ àjèjì. トゥトゥオラ ni èmi ìbá kọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá ti mọ́ ojú òǹkàwé, wọn kì í fẹ́ yí i padà, èyí àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ sára ìwé.

Kí ẹ má bàa rò pé mo kàn ń tọ́ka sí àṣìṣe ẹlòmíràn, ẹ wo pátákó. シ yìí, “ṣi” ni. ツ yìí, “tsu” ni. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Nínú “ṣi”, àwọn ilà kéékèèké to sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ilà ńlá sì ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Nínú “tsu”, orí ni wọ́n tò sí, ilà ńlá ń sọ̀ kalẹ̀. ン àti ソ, “n” àti “so”, ìbejì báyìí náà ni wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ orúkọ Ṣóyínká fún obìnrin Jàpáànì tó ń kọ́ mi, mo ṣi méjèèjì kọ. Ó yẹ ìwé náà wò, ó yí i dà bí ẹni ń wo àwòrán, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé orúkọ ìlú wo nìyí.

Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, àyè sì ṣẹ́kù lórí pátákó. Ìyá tí ẹ wé gèlè aláwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, kí lorúkọ yín mà? Rárá, rárá mà, ẹ má sípẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fún mi. Ẹ pè é.